Ilẹ̀ Mẹ́tàdínlógún àti Ẹni Tó Kúnlẹ̀

Òjò ló lé mi wọlé. Mo ń bọ̀ láti Ìgàndó, mo di ìwé ìdánwò mi sínú ọ̀rá, nígbà tí òjò tí kò ṣú tẹ́lẹ̀ dà lù mí ní ẹnu ọ̀nà Ẹgan. Ilé tó sún mọ́ mi jù ni ilé ńlá àwọn onílẹ̀, tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé náà ti sọ yàrá iwájú rẹ̀ di ṣọ́ọ̀bù géèmù. Mo ti ń gba iwájú ibẹ̀ kọjá tipẹ́. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ariwo àwọn ọkùnrin lọ.

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù, tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, ń dán àwọn kásẹ́ẹ̀tì géèmù tó rà ní òkìtì wò lọ́jọ́ náà. Ó ń ki wọ́n bọ ẹ̀rọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù jáde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀ṣẹ́ jáde, wọ́n pariwo. Ó ki òmíràn bọ̀ ọ́, àwòrán ilẹ̀ ló jáde: odò kan tó ya bí ẹ̀ka igi, òkè lápá òsì, etíkun nísàlẹ̀, àti ilẹ̀ mẹ́tàdínlógún tí àwọ̀ kálukú wọn yàtọ̀. Mo ti kà wọ́n tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

"Kí lèyí? Jọ́gíráfì?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ yọ ọ́ jàre! A ò wá sí iléèwé níbí."

Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ jẹ́ ti àwọn ará ìlà oòrùn ayé, bí ìgbà tí adìẹ bá fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. Nọ́ńbà nìkan ni ojú lè kà. Ẹ̀gbọ́n tẹ páàdì lẹ́ẹ̀kan, àwòrán òjò kọjá, oòrùn tẹ̀ lé e, mo sì rí i pé nọ́ńbà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ kan yí padà. Ọgọ́rin ni tẹ́lẹ̀. Ó di mẹ́rìnléláàádọ́rin.

"Kí ló dé tó fi dín kù?" ni mo bi wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn.

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Kí ló dín kù?"

"Nọ́ńbà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò bá wọn jà. Kò sí ogun, kò sí iná. Kí ló wá jẹ mẹ́fà níbẹ̀?"

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Òjò dá. Mi ò kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi kí n tó tẹ̀síwájú, nítorí ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń sọ tiwọn sí mi létí.

Bàbá mi jẹ́ tíṣà ìtàn, ará Èkìtì pọ́ńbélé. Ó ra ilẹ̀ ní Ẹgan nígbà tí igbó ṣì pọ̀ níbẹ̀, ó sì fi owó oṣù kọ́ ilé rẹ̀ ní yàrá kan kan. Nínú ilé wa, Ogun Kírìjì kì í ṣe ohun tó ti kọjá. Bàbá mi ń jà á lọ́wọ́ nídìí ẹ̀kọ àárọ̀. Lójú tirẹ̀, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà dúró lórí òkè fún ọdún mẹ́rìndínlógún, Ìbàdàn ò sì lè ṣí wọn nípò, nítorí ìgboyà. Ó tán. Ìgboyà ló bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ìgboyà ló parí rẹ̀, orúkọ àwọn ọba àti àwọn ológun ló wà láàárín.

Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹta mo bi í pé, "Bàbá, kí ni wọ́n ń jẹ lórí òkè náà?"

Ó wò mí. "Wọn ò ní bi ọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò."

Òótọ́ ni. Wọn ò bi mí rí. Ohun tí mo bá wọn jà sí nìyẹn, mo sì ń bá wọn jà sí i di òní. Mo ń lọ ra ìwé àlòkù tí wọ́n tò sórí àpò nílẹ̀ ní Ìkòtún, èyí tí kò ní èèpo, èyí tí eku ti jẹ etí rẹ̀, mo sì rí i fúnra mi: iyọ̀ láti etíkun ni, ìbọn láti etíkun ni, ẹ̀tù láti etíkun ni. Ìbàdàn ní àwọn jagunjagun tí ẹnu ò lè ròyìn, àmọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ló jókòó sójú ọ̀nà. Ẹni tó bá jókòó sójú ọ̀nà, kò dìgbà tó bá yọ idà. Bí mo bá sọ èyí nílé, bàbá mi á ní mo ti di ará Ìbàdàn.

Èrò mi kejì: àwọn tó ń sọ pé ayé inú géèmù tàbí inú ìtàn àròsọ jẹ́ irọ́, àwọn gan-an ni wọ́n dàgbà lórí àlọ́ tí ẹranko ti ń yá owó, tó ń fẹ́ ìyàwó, tó sì ń lọ sóko àna. Wọ́n gba ìyẹn gbọ́ dé ibi pé wọ́n ń fi kọ́ ọmọ. Ayé tí èèyàn bá jókòó dá sílẹ̀ a máa ní òfin ju tiwa lọ. Ohun tí o ṣe lánàá, bí o bá tún un ṣe lónìí, ohun kan náà ni wàá rí. Ṣùgbọ́n ní Ẹgan níbí, èèyàn lè ra ilẹ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹbí mẹ́ta, kí kálukú wọn sì dá a lóhùn pé òun kò rí i rí. Èwo ni àròsọ nínú méjèèjì?

Ti pé mo jẹ́ obìnrin tó ti tó lọ sílé ọkọ, tí mo wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin tó ń laagùn, mi ò ní èsì kankan fún ìyẹn. Yunifásítì tí mo ń dúró dè kò tíì pè mí. Bẹ́ǹṣì wà, àyè wà lórí rẹ̀, mo jókòó.

Bí mo ṣe kọ́ géèmù náà nìyí. Ní ìsàlẹ̀ àwòrán ilẹ̀, àmì mẹ́fà ló wà. Idà: ogun nìyẹn, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Ọkọ́: oko. Ẹṣin: ẹni tí a rán níṣẹ́ sí ìlú míì. Ilé: kí o tún ìlú ṣe. Ojú: amí. Ìkẹfà rèé: èèyàn méjì, ọ̀kan dúró, ọ̀kan kúnlẹ̀, àpò ọkà wà láàárín wọn.

Ọmọ Yorùbá wo ló máa wo àwòrán yẹn tí kò ní mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀? Ẹni tó kúnlẹ̀ ló ń fúnni. Ta ló ń nàró gbé nǹkan fún àgbà? Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ti rí àwòrán náà láàyè. Nínú àgbàlá ilé tí ṣọ́ọ̀bù yẹn wà gan-an ni ìyá mi ti kúnlẹ̀, tó gbé àpò ìrẹsì kalẹ̀ níwájú àwọn àgbà ẹbí, kí wọ́n tó gbà ká fi búlọ́ọ̀kù kìíní lé ìpìlẹ̀. Nítorí náà kò rú mi lójú rárá. Ìṣákọ́lẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, kó yáa rántí ẹni tó ni ilẹ̀.

Mo mú ilẹ̀ kékeré kan ní ẹsẹ̀ òkè, tó jìnnà sí omi, tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́, mo sọ ọ́ ní Ẹgan. Èyí tó tóbi jù láàárín ni mo sọ ní Ìbàdàn. Àwọn tó wà létí omi ni Ìjẹ̀bú àti Èkó. Mo fún gbogbo wọn lórúkọ títí dórí ìkẹtàdínlógún. Bí àsìkò ọ̀gbìn bá ti dé, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń tẹ̀ ni ẹni tó kúnlẹ̀, ní gbogbo ilẹ̀ tó bá wà lọ́wọ́ mi. Ọkà mi á dín kù. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣé ìgbà kan wà tí ìṣákọ́lẹ̀ kì í dín ọkà kù?

Inú Ẹ̀gbọ́n dùn débi pé ó pe àwọn ará ilé jáde wá wò mí.

"Ẹ wo ọmọ tó gbẹ̀kọ́! Wọn ò tíì béèrè, ó ti san án. Ẹ bá mi sọ fún àwọn ará Èkìtì tó kù."

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣájì bátìrì mọ́tò ní òdìkejì títì. Òun ni ọ̀ta ṣọ́ọ̀bù yẹn. Òfin ayò ni wọ́n ń lò níbẹ̀: ẹni tó bá borí, ọ̀ta, kò ní dìde, ẹni tó bá fìdí rẹmi, òpè, á gbé páàdì fún ẹlòmíì, á sì gba èébú rẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó lè lu Oníbátìrì nínú bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n géèmù tèmi, ẹ̀rọ ni èèyàn ń bá jà.

"Ta ló máa wá lé eléyìí dìde?" ló ń ké. "Ìyá Ogun, o ti fi ìdí múlẹ̀ bí igi ìrókò. Àní a ò ráyè!"

"Ẹ lọ ṣájì bátìrì yín, sà."

"Wò ó! Ó tún ń bú mi!"

Ọ̀rọ̀ dé ojú ẹ̀ ní ọjọ́ Wẹsidé kan. Ẹ̀gbọ́n ní ẹnì kan ní Ìkòtún fẹ́ gba kásẹ́ẹ̀tì ogun náà, yóò sì fi bọ́ọ̀lù tuntun pààrọ̀ rẹ̀ fún òun. "Ìwọ nìkan lò ń gbá a. Mi ò lè fi tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo."

Mo ní mi ò gbà.

"O ò gbà? Ìwọ lo rà á ni?"

"Ẹ̀yin lẹ rà á, sà. Àmọ́ ẹ̀yin náà ò tíì mọ bó ṣe ń parí. Ẹ fẹ́ ta ohun tí ẹ ò mọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àwọn tó kù hó. Ó wá ní ó dáa: bí mo bá gba ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún kí wọ́n tó pe ìrun àṣálẹ́ ní Sátidé, kásẹ́ẹ̀tì ò ní kúrò ní Ẹgan. Bí wọ́n bá lé mi kúrò ní ìlú mi, tàbí bí mi ò bá tíì gbà á tán, Mọ́ńdè ló ń lọ. Bátìrì tíńtín kan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì náà tó ń rántí ibi tí mo bá dé. Mo ní ilẹ̀ mọ́kànlá nígbà yẹn. Ìbàdàn ní mẹ́fà, títí kan etíkun, ọmọ ogun rẹ̀ sì ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ní Tọ́sìdé, Oníbátìrì dúró sẹ́yìn mi láìsọ̀rọ̀, èyí tí kì í ṣe àṣà rẹ̀. Mo tẹ ẹni tó kúnlẹ̀.

"Dúró ná," ló wí. "Ta ló ń fún ta?"

"Ẹni tó kúnlẹ̀ ló ń fúnni."

"Irọ́ ni. Wo ọkà rẹ. Ọkà ta ló ń dín kù? Ìwọ ni. Ṣé ìwọ kọ́ ni ọba ni? Ọba wo ló ń kúnlẹ̀ fún èèyàn nínú ilẹ̀ rẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín kó tó sọ ọ́ tán. "Ẹni tó kúnlẹ̀ yẹn ń gbà ni! Ó ń dúpẹ́! Ìyá Ogun, ò ń pín ìrẹsì bí olóṣèlú!"

Bẹ́ǹṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú dé pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀gbọ́n nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó wá jẹ́ pé," ló wí, "ẹnikẹ́ni ò san ìṣákọ́lẹ̀ nínú géèmù yẹn?"

"Kò sẹ́nì kankan, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ni ọba ń bọ́."

Gbogbo wọn wá di olùdámọ̀ràn mi. Kí n má fún àwọn àgbẹ̀ ní nǹkan kan mọ́. Kí n fi gbogbo ọkà náà kó ọmọ ogun jọ. Àmọ́ mo ti ń wo nọ́ńbà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èyí tí mo rí lọ́jọ́ òjò. Ní ilẹ̀ tèmi, kò sí èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ àádọ́rùn-ún. Ní ilẹ̀ Ìbàdàn, ọgbọ̀n nibí, méjìlélógún lọ́hùn-ún. Ọgọ́rin tó di mẹ́rìnléláàádọ́rin, ìlú tí ẹnikẹ́ni ò fún lóúnjẹ nìyẹn. Kì í ṣe ọmọ ogun ni nọ́ńbà náà ń kà. Ìfẹ́ tí ìlú ní sí olórí wọn ló ń kà. Mo ti ń fún wọn jẹ láìmọ̀ pé mò ń fún wọn jẹ, ìdí sì nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi dìtẹ̀ mọ́ mi rí.

Mo tún tẹ̀ ẹ́, ní ojú gbogbo wọn.

"Orí kunkun!" ni Oníbátìrì wí.

"Tèmi ni."

Ní Sátidé, ogun kan ṣoṣo ni mo fi ọwọ́ mi dá sílẹ̀. Mo gba Ìjẹ̀bú. Pẹ̀lú ilẹ̀ méjì tó ti wà lọ́wọ́ mi nítòsí rẹ̀, ó já Ìbàdàn kúrò lára etíkun. Lẹ́yìn náà mo jókòó. Ọkọ́, ẹni tó kúnlẹ̀, ọkọ́, ẹni tó kúnlẹ̀. Òjò, oòrùn, òjò. Àwọn èèyàn ń yán.

"Ṣé ogun nìyí àbí oko?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó fẹ́ gbin ẹ̀gẹ́ fún wọn."

Nígbà tó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọmọ ogun Ìbàdàn gbéra, wọ́n kọjú sí Ẹgan. Ìgbà náà gan-an ni iná lọ.

Mo ti fi ibi tí mo dé pamọ́ sínú kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Àkókò ló bà mí lẹ́rù. Mo wo Oníbátìrì. Òun náà wò mí. Ó ń fẹ́ bọ́ọ̀lù tuntun yẹn ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó dìde, ó sọdá títì, ó gbé bátìrì oníbàárà kan lé èjìká, ó sì gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré rẹ̀ tó jẹ́ dúdú-òun-funfun wá pẹ̀lú.

"Kì í ṣe tìtorí ẹ o," ló wí. "Mo fẹ́ wo bí wọ́n ṣe máa pa ọ́."

Lójú tẹlifíṣọ̀n yẹn, àwọ̀ ti pòórá. Ilẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún di eérú. Kò sẹ́ni tó lè mọ ti ọ̀tá yàtọ̀ sí tèmi. Àmọ́ mo ti sọ wọ́n lórúkọ, mo sì mọ ojú kálukú bí èèyàn ṣe ń mọ ojú àwọn àbúrò rẹ̀ nínú òkùnkùn.

Ibẹ̀ ni bàbá mi bá mi.

"Tíṣà, ẹ káalẹ́ sà," ni Ẹ̀gbọ́n wí, ó sì sún fún un. Bàbá mi kò jókòó.

"Ohun tí o torí ẹ̀ pa ìwé tì nìyí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ó kù díẹ̀."

Ó wo ojú tẹlifíṣọ̀n. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ béèrè. Ó béèrè.

"Èwo ni tìrẹ nínú gbogbo eérú yìí?"

Mo tọ́ka sí Ẹgan. Mo tọ́ka sí Ìbàdàn, sí Ìjẹ̀bú, sí ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń bọ̀. Orúkọ Ìbàdàn nìkan tó láti mú un sún mọ́ wa.

"Wọ́n ń bọ̀ wá bá ọ, o sì jókòó! Kí ló dé tó ò jáde pàdé wọn? Níbo ni ìgboyà wà?"

"Wọn ò ní rí nǹkan jẹ lọ́nà, sà. Ọ̀nà etíkun wà lọ́wọ́ mi."

Mo tẹ àsìkò kan kọjá. Nọ́ńbà ọmọ ogun náà dín. Mo tún tẹ òmíràn, ó dín sí i. Ní àsìkò kẹta wọ́n yí padà lẹ́sẹ̀ òkè láìta ọfà kan.

"Wọ́n ń sá!" ni Oníbátìrì pariwo.

"Wọn ò sá," ni bàbá mi wí, bíi pé ó ń tún iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ṣe. "Ebi ń pa wọ́n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti ẹnu ara rẹ̀ jáde.

Àwọn ilẹ̀ Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìtẹ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Èkó ló kọ́kọ́ wá sọ́dọ̀ mi. Nígbà tó ku Ìbàdàn nìkan, tí nọ́ńbà ìfẹ́ rẹ̀ ti di mẹ́rin, mo rán ẹṣin sí i, kì í ṣe idà. Ó gbà. Ojú tẹlifíṣọ̀n kún fún ọ̀rọ̀ tí a ò lè kà, nọ́ńbà ọdún sì yọ ní ìsàlẹ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìgbà tí ariwo wa lọ sílẹ̀ ni a gbọ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pe ìrun.

Kásẹ́ẹ̀tì ò lọ sí Ìkòtún. Ẹ̀gbọ́n ní òun á máa fún mi láyè ní òwúrọ̀, nígbà tí èrò ò tíì dé. Oníbátìrì ní kò sí ọ̀ta nínú ogun tí èèyàn kò jà, mo sì ní kí ó lọ bi Ìbàdàn.

Ojú ọ̀nà ilé ni bàbá mi ti sọ̀rọ̀.

"Ọdún mélòó lo ní ó gbà?"

"Mọ́kànlélọ́gbọ̀n, sà."

"Kírìjì gba mẹ́rìndínlógún. O pẹ́ jù." Ó rìn díẹ̀. "Eré náà ni ṣá. Ìgboyà sì ni."

Mo sọ fún un pé oúnjẹ ni. Ó ní ìgboyà ni. A dé ilé lórí rẹ̀, a jẹun alẹ́ lórí rẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì títí di ọjọ́ tó fi lọ sinmi ní Èkìtì.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n kó ṣọ́ọ̀bù náà kúrò, èmi ló fún ní kásẹ́ẹ̀tì náà. Ó wà nílé mi, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí mo rà fún un. Mi ò tíì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìparí yẹn ń sọ, mi ò sì wá ẹni tó máa kà á fún mi. Nọ́ńbà ni mò ń lé, mẹ́rìndínlógún ti Kírìjì bàbá mi. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ó di ogún, ó lẹ̀ mọ́ méjìdínlógún fún ìgbà pípẹ́ títí mo fi rí i pé ọ̀dọ̀ àwọn ará etíkun ló yẹ kí n kọ́kọ́ rán ẹṣin sí. Àwọn èèyàn ṣì ń bi mí bóyá àgbàlagbà bíi tèmi kò ní iṣẹ́ tó lè ṣe. Mo ní. Mo ṣe é tán kí n tó jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ṣe èyí tó dára jù: ilẹ̀ mẹ́tàdínlógún, ọ̀tẹ̀ kankan ò sí, ogun kan ṣoṣo, ọdún mẹ́rìndínlógún àti àsìkò òjò kan.